Wọ́n Fi Mí sí Bọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo tíì bọ́. Kò kí mi. Oríkì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ó ki mí láti orí bàbá ńlá wa títí dé orí èmi alára, ó mí kanlẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò, wọ́n fi ọ́ sí bọ́ọ̀dù lóhùn-ún, ẹnu ẹlòmíì ló yẹ ká ti gbọ́?"

Mo ní bọ́ọ̀dù wo? Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ bò fún òun. Ọmọ òun tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò ló tẹ orúkọ mi sórí fóònù, tí orúkọ náà sì yọ ketekete lójú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Trustees" sí. Òótọ́ ni. Charity Commission, àjọ tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní England àti Wales, máa ń to orúkọ àwọn trọ́sítíì síta kí gbogbo ayé lè rí i. Ohun tí wọn kì í tò síta ni pé ọwọ́ òfìfo ni trọ́sítíì fi ń wọlé, ọwọ́ òfìfo náà ló sì fi ń jáde.

N ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi wí. Nílé wa, ta ló gbọ́ "bọ́ọ̀dù" tí itọ́ kì í yọ lẹ́nu rẹ̀? Ẹni tó bá gómìnà sá sókè sá sódò nígbà ìbò, tí ipò kọmíṣọ́nnà kò kàn, bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bọ́ọ̀dù omi ni o, bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni o, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni iye owó ìjókòó, àti bóyá ọkọ̀ wà níbẹ̀. Trọ́sítíì wá ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn àgbààgbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ múnú bí ni wọ́n ń kó sí Board of Trustees. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá gbọ́ pé trọ́sítíì ni mí, inú bọ́ọ̀dù, nílùú London, ọ̀rọ̀ parí lójú tirẹ̀. Ó béèrè iye owó ìjókòó. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé àbúrò òun ti gbọ́n sí i. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, páànù òrùlé kan àti owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ adìyẹ ti wọlé sórí WhatsApp mi.

Awakọ̀ ni mí o. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni mò ń wà ní gúúsù London, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi mí sí.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni èsì ìdánwò A-level ọmọ mi obìnrin jáde, tó sì wọ yunifásítì tó fẹ́. Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan ládùúgbò wa ló ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn kò díjú: wọ́n á mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún tí òbí rẹ̀ kò mọ ọ̀nà yunifásítì ilẹ̀ yìí, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n. Mẹ́ńtọ̀ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wákàtí kan péré, wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ wo ìwé ìbéèrè, wọ́n á fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dánra wò. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò lè ṣe é fún un. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ UCAS, mo rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń polówó. Àṣé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ń gbà wọ yunifásítì níbí nìyẹn, ibi márùn-ún péré ni ọmọ sì lè yàn. Owó ilé-ìwé nígbà náà jẹ́ £9,250 lọ́dún. Ní ọdún 2025, ó di £9,535. Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ilẹ̀kùn tó ń kàn.

Ohun tí mẹ́ńtọ̀ ọmọ mi ṣe fún un tí n kò lè gbàgbé ni pé ó kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwa la jẹ̀bi. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọmọ náà pé ẹni tó mọ nǹkan kì í pariwo, pé ẹlòmíì ni í yin ni. Ó dé iwájú fọ́ọ̀mù UCAS, wọ́n ní kó fi lẹ́tà 4,000 yin ara rẹ̀, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kọ "Mo jẹ́ ẹni tó ń gbìyànjú," ó tún pa á rẹ́, ó ní ó ti pọ̀ jù. Obìnrin yẹn ló tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni obìnrin náà ń ṣe, kì í ṣe ìbátan wa, a kò fún un ní nǹkan kan ju ìrẹsì inú kúlà lọ.

Nígbà tí wọ́n wá ṣe àpèjẹ kékeré fún àwọn ọmọ tó yege, tí wọ́n ní ṣé òbí kankan fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ni mo ń wá tí mo fi dìde? Ẹ fún Yorùbá ní máìkì kí ẹ wo nǹkan. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, omijé bọ́, mo wá fi òǹtẹ̀ lù ú: "Ohunkóhun tí mo bá lè ṣe fún ẹgbẹ́ yìí, ẹ má wojú mi."

Wọn kò wojú mi lóòótọ́. Àga gbígbé ni mo rò pé wọ́n máa bẹ̀ mí sí, tàbí kí n gbé àwọn ọmọ lọ síbì kan lọ́jọ́ ìsinmi. Alága pè mí lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní wọ́n ń wá trọ́sítíì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣojú rẹ̀ rí, nítorí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì méjì, agbẹjọ́rò kan, olùkọ́ yunifásítì kan, àti ọkùnrin kan tí títí di òní n kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò sí èyí tí ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn kọjá. Mo fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ ka ohun tí ẹ fọwọ́ sí?" Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ àánú ni, kí ló fẹ́ wà níbẹ̀?

Ó kọ́kọ́ kan ìwé ẹ̀rí DBS, èyí tí wọ́n fi ń wádìí bóyá ènìyàn ti hùwà ọ̀daràn rí, pàápàá ẹni tó máa wà nítòsí ọmọdé. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ó tọ́, ó yẹ. Wọn kì í sì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ gbogbo orúkọ tí mo ti jẹ́ rí ni wàhálà wà. Gbogbo rẹ̀? Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀. Èyí tí bàbá mi sọ mí. Èyí tí ìyá mi sọ mí. Èyí tí ìyá bàbá mi sọ mí, tó sì ju owó sínú abọ́ omi kó tó sọ ọ́, nítorí náà kò ṣeé fojú fò. Oríkì mi. Orúkọ ìsàmì. Orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń pè mí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo kọ wọ́n títí wọ́n fi ya sí etí ìwé. Ọmọbìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì, ó ní, "Sà, èwo gan-an lẹ ń lò nínú àwọn orúkọ yìí?" Mo ní èmi kọ́ ni mò ń lò wọ́n, àwọn tó sọ mí ló ń lò wọ́n. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ó ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́.

Fọ́tò ló kàn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú fọ́tò wá fún ojú ìwé ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mú èyí tí mo wọ kóòtù tó gún régé, táì sì wà lọ́rùn mi. Alága wò ó, ó ní ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ṣé n kò ní èyí tí mo ti wọ "aṣọ yín"? Bí èmi nìkan ṣe wọ agbádá àti fìlà láàárín kóòtù márùn-ún nìyẹn, bí ẹni tó ṣìnà láti òde ìgbéyàwó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn sọ́kàn.

Ìpàdé wá dé. Kì í ṣe pé n kò ṣe ìpàdé rí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń pàdé ní London yìí lóṣooṣù: aago mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè é, aago márùn-ún la máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó pẹ́ á sanwó ìtanràn, a óò jà lórí owó òkú, àgbà kan á bá wa parí rẹ̀, ìrẹsì á wọlé. Ìpàdé ti bọ́ọ̀dù kì í rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n pè é, aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀, omi inú ìgò àti bísíkíìtì ló wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdúpẹ́ ni. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ó gbà mí ní ìpàdé mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìjà gan-an nìyẹn. Bí Òyìnbó bá sọ pé "Kókó pàtàkì lẹ sọ yẹn, ẹ ṣeun gan-an," ẹ tètè wá ibi sin ọ̀rọ̀ yín sí, ó ti kú.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìwé ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa ń dé. Ojú ewé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nígbà kan. Yíǹkì ìyàwó mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣì ń kà á sí mi lọ́rùn.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ìwé wọn ni ìwé ewu. Wọ́n ní trọ́sítíì gbọ́dọ̀ to gbogbo aburú tó lè bá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a fi nọ́ńbà sọ bó ṣe lè tètè ṣẹlẹ̀ tó, kí a sì fi àwọ̀ pupa, yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé kùn ún. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ dé ibi iṣẹ́ mi, iná ojú títì nìyí! Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ewu kìíní: kí alága kú lójijì." Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Wọ́n wò mí. "Ewu kejì: kí owó ẹgbẹ́ tán." Mo ní, "A ò ní rí i." "Ewu kẹta: kí iná jó ọ́fíìsì." Mo ti ń ta orí nù, mo ní, "Ẹ̀yìn ọ̀tá ni." Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìpàdé náà jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé trọ́sítíì kan kò fara mọ́ nọ́ńbà tí a fún ewu kìíní sí ìkẹta, pé ó rò pé wọn kò lè ṣẹlẹ̀. Iná pupa wọn náà kò dà bíi tiwa. Tiwa ní kí o dúró. Tiwọn ní kí a gbé e lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ẹ̀dùn ọkàn mi kò sí nínú bísíkíìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú yíǹkì. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí sí bọ́ọ̀dù tó wà fún àwọn ọmọ, n kò rí ọmọ kan. Mo béèrè ní ìpàdé kejì pé ọjọ́ wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn. Ṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Agbẹjọ́rò wa ṣàlàyé pé iṣẹ́ trọ́sítíì ni kí ó máa wo ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe kí ó máa dá sí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó ní àwọn tó mọ iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ní òwe kan: ẹ ki imú bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọwọ́. Mo ro òwe náà títí mo fi délé. Ẹni tó ki imú bọ ọbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, ṣé ẹni yẹn ti jẹun? Charity Commission ní ìwé kan tí wọ́n pè ní The Essential Trustee, ojúṣe mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mo kà á látòkè délẹ̀ nínú ilé ìsinmi àwọn awakọ̀. Ó dára. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ máa ṣe ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. N kò rí ibi tó ti ní ojú trọ́sítíì kò gbọdọ̀ kan ọmọ.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Ibi tí a wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, UCAS kéde pé lẹ́tà 4,000 tí ọmọ fi ń yin ara rẹ̀, àwọn yóò pín in sí ìbéèrè mẹ́ta fún àwọn tó máa wọlé ní ọdún 2026. Kí ló dé tí o fẹ́ ka iṣẹ́ yìí? Báwo ni ẹ̀kọ́ tí o ti kọ́ ṣe múra rẹ sílẹ̀? Kí lo tún ti ṣe níta ilé-ìwé, kí sì ni ìwúlò rẹ̀? Àròpọ̀ lẹ́tà rẹ̀ kò yí padà, 4,000 náà ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní 350. Lójú tèmi, ó sàn ju ti àtijọ́ lọ fún irú àwọn ọmọ wa. Bí o bá bi ọmọ Yorùbá ní ìbéèrè, á dá ọ lóhùn; bí o bá ní kó yin ara rẹ̀, á máa wo ilẹ̀.

Ìwé atọ́nà tí ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn mẹ́ńtọ̀ ńkọ́? Ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe fi gbólóhùn àkọ́kọ́ da ọkàn òǹkàwé rú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Wọ́n ní kókó pàtàkì ni mo sọ yẹn, wọ́n ṣeun gan-an. Mo ní n kò gbà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní kú. Ni wọ́n bá yan ìgbìmọ̀ kékeré. Ìgbìmọ̀ kékeré ní kí a kọ ìwé tó máa sọ ohun tí ìgbìmọ̀ kékeré wà fún. Ní oṣù Kẹfà, ìwé tuntun délẹ̀, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá "mẹ́ńtọ̀" ni ká máa kọ tàbí "kóòṣì", àti bóyá àwọ̀ búlúù ẹ̀yìn ìwé kò dà bíi ti báǹkì kan. Òṣìṣẹ́ báǹkì náà wà níbẹ̀. Ó ní òun ní àǹfààní nínú ọ̀rọ̀ búlúù, ó sì jáde kúrò ní yàrá kí a lè jiyàn láìsí òun.

Ní oṣù Kẹsàn-án, èèyàn kò pé. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ní ẹni mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí ìpinnu tó lè dúró. Àwa mẹ́ta wà nínú yàrá. Ẹnì kẹrin wà lórí Zoom, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ti dì, ó dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹja inú yìnyín. A fi wákàtí kan gbáko jiyàn bóyá ẹni tó dì bẹ́ẹ̀ wà ní ìpàdé. Agbẹjọ́rò ní ó wà níbẹ̀ nípa ti ara. Mo ní ara wo? Ìjọba ilẹ̀ yìí kò gbà kí n wa bọ́ọ̀sì ju wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lọ láìsinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí wọ́n mọ̀ pé orí ènìyàn ní ibi tó mọ. Kò sí ẹni tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀dù.

A fọwọ́ sí ìwé atọ́nà náà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni ilẹ̀kùn ti sé fún gbogbo ọmọ tó ń lọ sí Oxford tàbí Cambridge, àti àwọn tó fẹ́ di dókítà, dókítà eyín tàbí ti ẹranko. Ọjọ́ mẹ́fà. Mo dákẹ́, mo ń wo búlúù ẹ̀yìn ìwé, tó ti di àwọ̀ àlùbọ́sà báyìí. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí mo wádìí, àwọn mẹ́ńtọ̀ kò tilẹ̀ dúró dè wá. Wọ́n ti lọ ka ti UCAS fúnra wọn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìyẹn ni pé a kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

N kò ní sọ̀rọ̀ ìrìn kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n ní kí n rìn láti fi wá owó, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé bí ẹni tó ń san owó orí bá fún ẹgbẹ́ ní pọ́n-ùn kan, ìjọba á fi pẹ́ńsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé e, tí mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n rò pé ọgbọ́n jìbìtì ni. Ọ̀rọ̀ bísíkíìtì ni mo máa sọ. Èmi ni mo ra bísíkíìtì ìpàdé kan, owó rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn mẹ́ta. Òfin gbà kí trọ́sítíì gba owó tó ná padà, nítorí náà mo béèrè. Fọ́ọ̀mù wà fún un. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, èmi kò sì gbọdọ̀ wà nínú wọn. Títí di òní, akápò ṣì ń wá ẹni kejì.

Mo kọ ìwé pé mo fẹ́ fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Alága dá mi lóhùn pẹ̀lú ìdúpẹ́ tó gùn ju ìwé mi lọ, mo sì ti mọ ohun tí ìdúpẹ́ ń jẹ́. Ó ní bí mo bá lọ nísinsìnyí, a kò ní pé iye tí ìwé òfin ẹgbẹ́ ń fẹ́, nítorí náà kí n ṣe sùúrù títí ẹni tó ń wá trọ́sítíì tuntun yóò fi rí arọ́pò. Mo bi í pé ta ló ń wá trọ́sítíì tuntun. Ó ní èmi ni. Wọ́n fi mí síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, nígbà tí mo lọ tọ̀, nítorí wọ́n ní mo mọ àwọn ará àdúgbò.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá arọ́pò ara mi nìyẹn. Mo lọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá onígbàjámọ̀ mi ní Peckham sọ ọ́, ibi tí wọ́n ń pè ní Lagos Kékeré, ibi tí ó yẹ kí èèyàn ti rí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ oyè. Gbogbo wọn tẹ́tí sí mi dáadáa nígbà tí mo ní "bọ́ọ̀dù". Wọ́n sún mọ́ mi nígbà tí mo ní "trọ́sítíì". Wọ́n wá béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè, mo dá wọn lóhùn, onígbàjámọ̀ sì tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kọkànlá, ní àsìkò tí ilé-ìwé ń parí, ọmọkùnrin kan wọ bọ́ọ̀sì mi. Ó fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ, káàdì tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní London. Ó ní, "Good afternoon, Uncle." Ó lọ. Ó padà. Ó tẹjú mọ́ mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ní, "Uncle, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ agbádá lórí website yẹn?"

Mo ní kó lọ jókòó, pé wọn kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ. Kò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó di irin mú, títí a fi dé òpin ọ̀nà tí mo ti máa sinmi. A sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, níwájú gbogbo èrò, ó sì gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Tirẹ̀ di àárín oṣù Kìíní. Ìbéèrè kìíní, ó dára. Èkejì, ó dára. Ẹ̀kẹta, ohun tó ṣe níta ilé-ìwé: "Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù."

Mo ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, Uncle. Àwọn ẹgbẹ́ òun kan ti lọ wo iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló wà nílé bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ìyá àgbà ni. Ta ló ń fún ìyá àgbà lóògùn? Òun ni. Mélòó ni oògùn náà? Ó kà wọ́n fún mi, méje, pẹ̀lú èyí tí wọn kì í lò kí oúnjẹ tó wọnú àti èyí tí wọn kì í fi wàrà lò. Bí wọ́n bá lọ rí dókítà ńkọ́, ṣé ìyá àgbà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ó ní kò gbọ́, òun lòun máa ń túmọ̀, àmọ́ nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ dókítà máa ń le, òun á kọ́kọ́ ní kí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún òun kí òun tó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí jìnnìjìnnì má bàa bá ìyá àgbà.

Mo wò ó. Mo ní, kí ló dé tí èyí kò sí níbí?

Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń béèrè, Uncle. Ilé nìyẹn."

Mo ní kó gba fóònù rẹ̀, kó kọ ilé náà. Ó kọ ọ́, mo ń ṣọ́ aago. Ó bi mí bóyá "mo máa ń ran ìyá àgbà lọ́wọ́" ti tó, mo ní rárá, kó kọ oògùn méje. Bí mo ṣe padà sórí àga awakọ̀, ó ku ìṣẹ́jú méjì nínú ọgbọ̀n mi.

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò yìn mí. Ó ní, "Dádì, ẹ ti dáràn." Ó ti ka ìwé tí mo fọwọ́ sí. Trọ́sítíì kò gbọdọ̀ bá ọmọ inú ètò ṣe nǹkan kan àfi bí ọ́fíìsì bá so wọ́n pọ̀, bí ó bá sì ṣe é, kó fi ara rẹ̀ sùn. Mo fi ara mi sùn lóru ọjọ́ yẹn. Alága fèsì láàárọ̀. Ó ní kókó pàtàkì ni mo mú wá yẹn, òun ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ mi ti wà lórí àjẹńdà ìpàdé ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, nọ́ńbà 7, lẹ́yìn ìwé ewu. Ìwé pé mo fẹ́ lọ ni nọ́ńbà 9. Ó ní kí n má jẹ́ kó kó ìdààmú bá mi, ìwé ti oṣù yìí pọ̀, ó ṣeé ṣe kí a má dé nọ́ńbà 7.

Mo ti bá ẹnìkan pààrọ̀ iṣẹ́ nítorí ọjọ́ náà. Wọ́n ní èmi ni mo máa ra bísíkíìtì.